Alhaja ní kí n há àpòòwé fún àwọn akọ̀ròyìn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń dá iṣẹ́ alukoro ṣe, mi ò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ kankan. Alhaja kan tó ń ṣe tíì ewé gbé iṣẹ́ fún mi. Ó fẹ́ kí gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun mọ tíì náà kí ọdún yìí tó parí. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú àtẹ̀jáde pé tíì òun ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn, kí n há àpòòwé tí owó wà nínú rẹ̀ fún àwọn akọ̀ròyìn lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, kí n sì ṣí àkántì mélòó kan lórí Facebook tí yóò máa yin tíì náà bí ẹni pé àwọn tó ti mu ún ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Iye ìròyìn tó bá jáde ni yóò fi ṣírò owó mi. Mo ti gba díẹ̀ lára owó náà. Tí mo bá kọ̀, ẹlòmíràn yóò gbà á. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Mo rí i pé àpòòwé ló ń dà ọ́ láàmú jù. Ní tèmi, òun kọ́ ló burú jù nínú ohun tí o kà sílẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ ni gbólóhùn kan ṣoṣo tí Alhaja fẹ́ kí o kọ, pé tíì rẹ̀ ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn.

Ro ti ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Bàbá kan wà ní Ọjà Ọba tí dókítà ti ní kó máa lo metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, láàárọ̀ àti lálẹ́, owó oògùn sì ń ga sí i lójoojúmọ́. Ó gbọ́ lórí rédíò pé tíì ewé kan wà tó ń lé ìtọ̀ ṣúgà lọ, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì owó oògùn. Èwo lo rò pé bàbá yìí yóò fi sílẹ̀? Tíì náà lè má ní májèlé kankan nínú. Oògùn tí kò lò mọ́ ni yóò pa á, tàbí tí yóò mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí o há àpòòwé fún ti ná tiwọn tán lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí o kọ ṣì wà nínú ilé bàbá yẹn.

Alhaja yóò sọ fún ọ pé òun ní nọ́ńbà NAFDAC. Ní kó mú ìwé rẹ̀ wá, kí o kà á fúnra rẹ. Ọ̀pọ̀ oògùn ewé tó ní nọ́ńbà, ńṣe ni NAFDAC kàn tò wọ́n sínú àkójọ ohun tí kò léwu láti mu. Àjọ náà kò tíì jẹ́rìí pé oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe ohun tí ẹni tó pò ó sọ pé ó ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ ọ́ sára páálí irú ọjà bẹ́ẹ̀ pé NAFDAC kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Yẹ páálí Alhaja wò dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí gbólóhùn náà wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Àtẹ̀jáde rẹ á wá máa ta ko páálí ọjà tí o ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Òfin Oúnjẹ àti Oògùn ilẹ̀ wa tún ní àkójọ àwọn àrùn kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ polówó ìwòsàn wọn fún aráàlú. NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó oògùn, Òfin ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó, ti 2022 sì ní kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kó tó dé etí èèyàn, ìbáà jẹ́ lórí rédíò, ìbáà jẹ́ lórí Facebook. Tẹ àkójọ àrùn yẹn sórí ìwé, kí ìwọ àti Alhaja jókòó kà á pọ̀. Ó sàn kí o bá oníbàárà sọ òfin ju kí o bá a sọ ìwà lọ. Bí o bá ń wàásù fún un, yóò rò pé o ń bú òun ni. Òfin kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Kí wá ni o lè kọ? Ó pọ̀. Kọ nípa ibi tí ewé náà ti wá, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbìn ín, bí wọ́n ṣe ń sá a tí kì í fi bu, iye èèyàn tí Alhaja gbà síṣẹ́, bó ṣe rí lẹ́nu, iye tó jẹ́ àti ibi tí a ti lè rà á. Ohun tó gba obìnrin kan kí NAFDAC tó fún ọjà rẹ̀ ní nọ́ńbà, ìrìn àjò ọ́fíìsì sí ọ́fíìsì, owó àyẹ̀wò, kíkùn tí wọ́n ní kó kun ògiri iléeṣẹ́, ìròyìn gidi nìyẹn fún gbogbo ẹni tó ń ronú láti dá òwò sílẹ̀. Olóòtú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ láì béèrè kọ́bọ̀. Bí Alhaja bá takú pé òótọ́ ni tíì òun ń ran àwọn onítọ̀ ṣúgà lọ́wọ́, àwọn tó mọ bí a ṣe ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní UCH, wọn kò jìnnà sí i. Kó gbé owó àpòòwé yẹn lọ síbẹ̀.

Ó wá kan àpòòwé. Mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ ìdí tó fi wà. Àwọn akọ̀ròyìn wà tí oṣù ń parí tí owó oṣù kì í wọlé. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé káàdì ìdánimọ̀ nìkan ni iléeṣẹ́ fún wọn, òun náà ni wọ́n ní kí wọ́n fi máa wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹni tó bá jókòó sínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wà tó ń pè wọ́n ní olè kò mọ iye tí wọ́n ń wọkọ̀ láti Ìyágankú dé Mọ́níyà. Síbẹ̀, àwọn oníròyìn fúnra wọn ló pàdé ní Ìlọrin lọ́dún 1998 tí wọ́n kọ òfin ìwà sílẹ̀ fún akọ̀ròyìn, ó sì wà nínú rẹ̀ kedere pé akọ̀ròyìn kò gbọdọ̀ béèrè, kò sì gbọdọ̀ gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, láti gbé ìròyìn jáde tàbí láti tẹ̀ ẹ́ rì. Lọ́dọ̀ tiwa, IPRA tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn alukoro káàkiri àgbáyé kọ ọ́ sínú òfin ìwà rẹ̀ pé alukoro kò gbọdọ̀ fi owó tàbí ẹ̀bùn fa ojú iléeṣẹ́ ìròyìn mọ́ra. Ẹni tó ń há a àti ẹni tó ń gbà á, kò sí ẹni tó lè ní òun kò mọ̀.

Ìbéèrè kan ni mo fi ń dá owó kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì: ṣé ẹni tó ń ka ìròyìn náà, tàbí tó ń gbọ́ ọ, mọ̀ pé wọ́n sanwó lé e lórí? Ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn Tribune tí wọ́n kọ "ìpolówó" sí lórí, kò sí àléébù níbẹ̀. Ètò orí rédíò tí wọ́n ti dárúkọ onígbọ̀wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sí àléébù níbẹ̀ náà. Ìyá tó ń gbọ́ rédíò Amuludun nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó sanwó ló ń sọ̀rọ̀, etí tó yẹ ni yóò sì fi gbọ́ ọ. Ní ti àpòòwé, àìmọ̀ ìyá yẹn gan-an ni Alhaja ń fi owó rẹ̀ rà. Bí wọ́n bá ní kí akọ̀ròyìn kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìròyìn pé òun gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lọ́wọ́ ẹni tí òun kọ̀wé nípa rẹ̀, Alhaja kò ní fún un ní ẹgbẹ̀rún kan.

Owó ọkọ̀ wá ńkọ́? Ibí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti máa ń bá mi jiyàn. Wọ́n ní ará Yorùbá kì í pe àlejò kó jẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfo, mi ò sì lè ní wọ́n parọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o má ṣe fi owó sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Gba bọ́ọ̀sì kan tí yóò gbé àwọn tó bá fẹ́ wá láti Press Centre NUJ, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn, ní Ìyágankú lọ síbi iléeṣẹ́ tíì, kó sì dá wọn padà síbẹ̀. Se oúnjẹ fún gbogbo ẹni tó wá, akọ̀ròyìn, àgbẹ̀ àti ẹbí Alhaja, kí wọ́n jọ jẹ ẹ́ lórí tábìlì kan náà. Bí ìròyìn jáde o, bí kò jáde o, bọ́ọ̀sì ti lọ, ìrẹsì ti tán, ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé kò sí ìdí láti pe ẹnikẹ́ni. Gbé Alhaja lọ bá àwọn ilé rédíò níbi tí wọ́n wà. Fi fọ́tò tó mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ṣe ṣókí àti ohùn tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú lórí WhatsApp ní àárọ̀, kó tó di pé iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Òótọ́ tí àwa alukoro kì í fẹ́ sọ síta ni pé ọ̀pọ̀ ìfilọ́lẹ̀ tí à ń pe akọ̀ròyìn sí, kò sí ìròyìn kankan níbẹ̀. Aṣọ oníbàárà la fẹ́ kí wọ́n wá wò, owó tí à ń fún wọn sì dàbí owó ìfaradà.

Ṣùgbọ́n ibi tí àpòòwé ti hù kò sí lọ́dọ̀ àwọn akọ̀ròyìn. Ó wà nínú gbólóhùn kan tí o sọ kọjá bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan: iye ìròyìn tó bá jáde ni Alhaja yóò fi ṣírò owó rẹ. Ìgbà tí o ti gba àdéhùn yẹn ni o ti gba àpòòwé, yálà o mọ̀ tàbí o kò mọ̀. Olóòtú ló ń pinnu ohun tí yóò jáde, ìwọ kọ́. O ti wá ta ohun tó wà níkàáwọ́ olóòtú fún Alhaja, o sì gbọ́dọ̀ lọ rà á lọ́wọ́ ẹnì kan kí o tó lè kó o fún un. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀wé, tó mọṣẹ́, tí kò sí ìwà ìbàjẹ́ kankan lára wọn, tí irú àdéhùn yìí sọ di alágbàtà láàárín àpò oníbàárà àti àpò akọ̀ròyìn. Wọn kì í sì í jèrè. Bí wọ́n bá pín owó tán lópin oṣù, ohun tó kù kì í tó ra dátà.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni kí o máa ta. Ọjọ́ tí o fi ṣe ìwádìí, àtẹ̀jáde tí o kọ, fọ́tò tí o yà, ìpè tí o pe àwọn olóòtú, bí o ṣe kọ́ Alhaja láti dáhùn ìbéèrè tó le láì bínú, àti àkọsílẹ̀ tí o fún un lópin oṣù nípa ohun tó jáde àti ohun tí kò jáde: gbogbo èyí ni kí o dá owó lé. Kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gbọnrangandan pé o kò ṣèlérí pé iléeṣẹ́ ìròyìn kankan yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wà nínú òfin ìwà àwọn alukoro Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ṣèlérí àbájáde tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé mímọ́ ni wọ́n, wọ́n kàn ti rí ibi tí irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ń gbé èèyàn lọ ni.

Bí o bá ti ń kọ ìwé náà, kọ àwọn nǹkan díẹ̀ mìíràn sí i. Ìdajì owó ni kí wọ́n san kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tí oníbàárà bá ní ọjà òun ń ṣe, kó mú ẹ̀rí rẹ̀ wá ní ìwé, bí kò bá sí ẹ̀rí, o kò ní kọ ọ́. Òun ni yóò fọwọ́ sí àtẹ̀jáde kó tó jáde, kó má baà sọ lọ́la pé ìwọ lo dá a sọ. Owó tó ń lọ sọ́dọ̀ akọ̀ròyìn tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba kò ní gba ọwọ́ rẹ kọjá. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì ló lè jáwọ́, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ tí o ti ṣe. Bó bá ní kí o kó nọ́ńbà fóònù gbogbo akọ̀ròyìn tí o mọ̀ fún òun, má gbà. Wọn kò fún ọ ní nọ́ńbà wọn kí o lè pín in kiri, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 sì wà lẹ́yìn wọn. Bó bá sì jẹ́ pé o ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn tó ń ta irú tíì bẹ́ẹ̀, sọ fún àwọn méjèèjì kí wọ́n tó gbọ́ ọ níta.

Ní ti àkántì ayédèrú, mi ò ní àbùjá kankan láti fi hàn ọ́. Má ṣe é. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ ju ìwọ àti Alhaja lọ ti ṣe é, àṣírí sì tú. Ní oṣù Karùn-ún 2019, Facebook yọ àkántì, ojú ewé, ẹgbẹ́ àti ìkéde ayẹyẹ tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 265 kúrò, wọ́n ní Archimedes Group, iléeṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì, ló wà lẹ́yìn wọn. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dojú irọ́ náà kọ. Nǹkan bíi $812,000 ni wọ́n ti ná sórí ìpolówó, Facebook sì lé iléeṣẹ́ náà pátápátá.

Ìtàn tí mo fẹ́ kí o ronú lé lórí jù ni ti Bell Pottinger. Iléeṣẹ́ alukoro ńlá ni ní Lọ́ńdọ̀nù; Tim Bell, tó ṣe ìpolówó ìbò fún Margaret Thatcher, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ní 2016, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Oakbay, iléeṣẹ́ ìdílé Gupta ní Gúúsù Áfíríkà, fún £100,000 lóṣooṣù. Nígbà náà, ẹnu àwọn èèyàn ti wà lára ìdílé yìí nítorí bí wọ́n ṣe sún mọ́ Ààrẹ Jacob Zuma. Ìpolongo tó tẹ̀ lé e darí ojú aráàlú sí ibòmíràn: owó tó wà lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ní ó fa ìṣẹ́ aráàlú. Ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé àti àwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbẹ̀, ọgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò tíì jinná, ohun tó sì mú kí ìpolongo náà burú ni pé aráàlú kò mọ ẹni tó ń sanwó fún un. Ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic Alliance gbé ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ PRCA, ẹgbẹ́ àwọn alukoro ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, PRCA lé Bell Pottinger kúrò nínú ẹgbẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí iléeṣẹ́ náà fi wọ gàù, tí wọ́n sì fà á lé àwọn tó ń bójú tó iléeṣẹ́ tó ti wó lọ́wọ́.

Kíyè sí i pé kò sí adájọ́ kankan tó ti wọ́n pa. Àwọn oníbàárà wọn ló sá lọ, nítorí pé ẹni tí aráàlú kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́ kò lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ yẹn sì ní agbẹjọ́rò, ó ní ọ̀gá àgbà tó lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ojú lè fúyẹ́ fún àwọn tó kù. Ìwọ tó ń dáṣẹ́ ṣe, nọ́ńbà fóònù rẹ ló wà nísàlẹ̀ àtẹ̀jáde.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rí àwọn tó ń mu tíì náà ni Alhaja fẹ́, wá àwọn tó ń mu ún lóòótọ́. Béèrè bóyá wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn, pẹ̀lú orúkọ wọn, kí ẹ má sì kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò sọ. Bí ẹ bá fún wọn ní tíì lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n wí i. Bákan náà ni fún àwọn gbajúmọ̀ orí Instagram: ẹni tó bá gbowó, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpolówó ni.

O ní ẹlòmíràn yóò gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò gbà á, bóyá kó tó di ọ̀la. Mi ò ní tàn ọ́ pé Ọlọ́run yóò fi oníbàárà tó sàn jù rọ́pò rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó lè jẹ́ oṣù tó gbẹ gan-an ni yóò tẹ̀ lé e. Ohun tí mo lè sọ ni pé àwọn olóòtú ń bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ ẹni tí àtẹ̀jáde rẹ̀ ṣeé gbé láì tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì mọ ẹni tí wọn kì í gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ àfi tó bá mú nǹkan dání. Ẹni kejì yìí ni yóò máa san owó ìwọlé títí yóò fi fiṣẹ́ sílẹ̀.

Bí o kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NIPR, ẹgbẹ́ àwọn alukoro ní Nàìjíríà, lọ ṣe é. Láti 1963 ni ẹgbẹ́ náà ti wà, òfin 1990 ló sì fún un lágbára láti sọ ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ alukoro ní Nàìjíríà. Owó rẹ̀ lè dùn ọ́, ṣùgbọ́n ìwúlò kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń dáṣẹ́ ṣe kò lè rí níbòmíràn: wàá lè sọ fún oníbàárà pé ẹgbẹ́ mi kò gbà á, kó má dàbí pé ìwọ lò ń gbéra ga sí àgbà.

Lọ bá Alhaja fúnra rẹ. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti WhatsApp. Kúnlẹ̀ kí i, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbé iṣẹ́ fún ọ, kí o wá sọ pé: "Ẹ má bínú, Mà. Mo ti ka ara páálí yín, mo sì ti ka òfin. Tí mo bá kọ ọ́ pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn, ẹ̀yin ni wọn yóò wá bá, iléeṣẹ́ yín ni wọn yóò tì. Ohun tí mo lè ṣe fún yín tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀ rèé." Kí o wá gbé ètò tuntun kalẹ̀ pẹ̀lú owó rẹ̀: bọ́ọ̀sì, ètò rédíò onígbọ̀wọ́, ìpolówó tí wọ́n ti yẹ̀ wò, àti owó iṣẹ́ tìrẹ lóṣooṣù. Ó ṣeé ṣe kí ó gbà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà tó ń sọ̀rọ̀ àpòòwé, ẹnì kan ló sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọn kò sì rí ẹni tó fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n rí.

Bí ó bá kọ̀, yọ owó iṣẹ́ tí o ti ṣe, fi ìyókù ránṣẹ́ padà sínú àkáǹtì báǹkì rẹ̀ kí ẹ̀rí lè wà, kí o sì kọ lẹ́tà kékeré tẹ̀ lé e pé o ti jáwọ́. Má rò ó lẹ́jọ́ kiri. Ohun tó sọ fún ọ nípa òwò rẹ̀, iye tó ń rí níbẹ̀, ẹni tó ń kó ọjà fún un, jẹ́ kó kú sí ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ lórí rédíò lẹ́yìn oṣù kan pé kí àwọn onítọ̀ ṣúgà da oògùn wọn nù kí wọ́n máa mu tíì, ìyẹn kò sí lára àṣírí tó fi pa mọ́ sí ọ lọ́wọ́. Gbogbo ìlú ló ti gbọ́ ọ. NAFDAC ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn. Kọ orúkọ iléeṣẹ́ rédíò náà, ọjọ́ àti aago tí o gbọ́ ọ sílẹ̀, kí o sì mú un lọ síbẹ̀.